Ẹ Wá Lọ́yà Nígbà Tí Ara Ṣì Le

 Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Kàbà, ẹ̀yin tí ẹ ti tàn káàkiri Àbújá, Èkó, Kàdúná, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tó jẹ́ pé Kérésìmesì àti ìsìnkú nìkan ló ń gbé yín wálé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í dùn létí ọ̀dọ́. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ti ní ilẹ̀, ilé, oko kaju tàbí owó ní báǹkì wá lọ́yà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ogún, kí ó wá a nítòsí ilé, kí ó jókòó tì í, kí ó sì ṣe ìwé ìhágún, èyí tí gbogbo yín ń pè ní wíìlì. Kí ó ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.

Mo mọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ. "Bàbá, ṣé ikú lẹ ń pè fún wa ni?" Rárá o. Ẹni tó ṣe ìwé ìhágún kì í tètè kú ju ẹni tí kò ṣe é. Ní Bùnú lọ́hùn-ún, ẹ mọ aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń bu ọlá fún ẹni ńlá tó bá lọ. Aṣọ olówó gọbọi ni, aṣọ tó gba ọwọ́ àti àkókò ni. A kò ṣàì mọ bí a ṣe ń náwó lórí òkú nílẹ̀ wa. Ohun tí òkú fi sílẹ̀ ni a kì í fẹ́ jókòó sọ nígbà tó ṣì wà láàyè.

Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn pé lọ́yà ló ń da ilé rú. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn lẹ́yìn. Ní 1914 tí Lugard so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, ó gbé òfin kan jáde lórí àwọn kọ́ọ̀tù ẹkùn, òfin náà sì sọ pé lọ́yà kò gbọdọ̀ gbẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso ẹkùn náà ló ń jókòó dá ẹjọ́. Lugard gbà pé àwọn lọ́yà ló ń ti aráàlú sínú ẹjọ́ ilẹ̀ tí kò ní parí. Títí di 1933 tí Gómìnà Cameron tún ètò ilé-ẹjọ́ tò, bí ọkùnrin kan ní Ẹkùn Kàbà bá ní ẹjọ́ ní irú kọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀, òun àti ẹnu ara rẹ̀ nìkan ni. Ìran tó dàgbà nígbà náà ló tọ́ àwọn tó tọ́ wa. Wọ́n kọ́ wa pé kí a máa parí ọ̀rọ̀ nínú agbo-ilé, ẹ̀kọ́ rere sì ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn fi sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀yin ń kó jọ. Bàbá mi fi oko sílẹ̀, ó fi ilé sílẹ̀, kò sì sí ẹni nínú ẹbí tí kò mọ ààlà wọn. Ẹ̀yin ra ilẹ̀ sí Àbújá, ẹ ní owó nínú àkáǹtì tó jẹ́ pé fóònù yín nìkan ló mọ̀ ọ́n, ẹ ní owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan tí ìyàwó yín kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ tún ní ilé tí ẹ kọ́ dé òrùlé ní Kàbà. Agbo-ilé kò lè parí ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Ẹ sì má ṣe sọ fún mi mọ́ pé iṣẹ́ àjèjì ni iṣẹ́ lọ́yà. Bayo Ojo, ọmọ Ìjùmú, ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, ó sì ṣe mínísítà ìdájọ́ láti 2005 sí 2007. Ọmọ yín ni àwọn lọ́yà, ẹ lò wọ́n.

Bí ènìyàn bá kú láìṣe ìwé, àṣà ni yóò pín ohun ìní rẹ̀, àṣà tí ẹ̀yin fúnra yín kò sì jókòó kọ́. Ẹ gbọ́ ti Suberu Dawodu ní Èkó. Ìyàwó mẹ́rin ló ní, ọmọ mẹ́sàn-án, kò sì ṣe ìwé ìhágún. Nígbà tó kú, ìbéèrè dé: ṣé ìdí-igi ni wọn yóò fi pín ogún náà, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìdá kan nínú mẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án mú ọgbọọgba? Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ sọ pé orí-ò-jorí ló bá ìgbà mu. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà nígbà náà yí i dànù ní 1958, ó ní ìdí-igi ṣì ni àṣà Yorùbá, bí ìjà bá sì dé lórí bí wọn yóò ṣe pín in, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà kọjá òkun dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn náà sì fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọmọ tó dá wà nídìí ìyá rẹ̀ yóò mú odidi ìdá kan, àwọn tó pọ̀ nídìí ìyá tiwọn yóò sì pín ìdá kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lo ṣe fẹ́ ẹ. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ mọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìyàwó ilé. Nínú àṣà Yorùbá bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ láti ayé òyìnbó, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ọmọ ló ń jogún; bí kò bá sí ọmọ, ẹbí ọkùnrin náà ló kàn. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Nàìjíríà tún sọ pé lábẹ́ àṣà wa, opó tí ọkọ rẹ̀ kò ṣe ìwé kò ní ẹ̀tọ́ láti jogún ọkọ, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti máa ṣàkóso ohun ìní náà. Lóòótọ́, ní oṣù kẹrin 2014, ilé-ẹjọ́ kan náà fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí àṣà kan nílẹ̀ Ìgbò tó ń lé opó jáde nílé ọkọ, ó sì sọ nínú ẹjọ́ Ukeje pé àṣà tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọbìnrin Ukeje fi wà lórí ẹjọ́ náà, nítorí ọdún 1981 ni bàbá rẹ̀ ti kú. Kò yẹ kí obìnrin tó ru yanrìn, tó bomi rin búlọ́ọ̀kù, tó ta iṣu ní Ọjà Kàbà kí ilé lè dé òrùlé, lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kí ó tó lè sùn sí yàrá rẹ̀. Ìwé kan péré tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí ì bá ti parí rẹ̀.

Ẹ ó ní, "Bàbá, mo ti kọ orúkọ ìyàwó mi sí next of kin ní báǹkì." Ẹni tí báǹkì yóò pè tí nǹkan bá ṣe ọ́ ni next of kin. Kì í ṣe ajogún rẹ. Bí o bá kú, báǹkì yóò ti àkáǹtì náà pa, wọn yóò sì ní kí ẹbí lọ gba àṣẹ wá láti Ilé-ẹjọ́ Gíga: bí o bá ṣe ìwé ìhágún, àṣẹ lórí ìwé náà, tí wọ́n ń pè ní próbéètì; bí o kò bá ṣe é, Letter of Administration, ìyẹn ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún. Owó ìfẹ̀yìntì lábẹ́ òfin 2014 náà kì í sábà jáde fún ìdílé olóògbé láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọn yóò bá sì lọ tọrọ Letter of Administration yẹn, ẹbí ni yóò jókòó yan ẹni tí yóò tọrọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn arákùnrin tí kò bá ọ mu tíì láàárọ̀ rí ti máa ń yọjú.

Mo ti jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ju bí mo ti fẹ́ lọ, nítorí àgbà ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan láìdárúkọ. Ọkùnrin náà kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ gbé páànù bísíkíìtì kan jáde láti abẹ́ ibùsùn, ó dà á sílẹ̀ lórí tábìlì: rìsíìtì ilẹ̀ tí wọ́n kọ sórí abala ìwé ọmọ iléèwé, tí omi ti wọ inú rẹ̀ tí bírò ti tàn, ìwé àkáǹtì báǹkì kan tó ti yí orúkọ padà, káàdì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilẹ̀kùn wọn, àti ìwé kan tí wọ́n búra sí ní kọ́ọ̀tù, tí ó ní sítáǹbù pupa, tí ọkùnrin náà fi sọ pé àkọ́bí òun ni kó ni ilé Lọ́kọ́jà. Gbogbo wa kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ nígbà tí a rí ìwé yẹn. Lọ́yà tí wọ́n pè wá wò ó, ó sì gbé e padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Afidáfíìtì ni. Kò sí ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá fọwọ́ sí i. Owó díẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀tù, ó sì ti lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ti ṣe wíìlì. Ẹjọ́ ilé Lọ́kọ́jà náà kò tíì parí títí di òní.

Nítorí náà ẹ má lọ bá akọ̀wé tó ń jókòó sábẹ́ igi níwájú kọ́ọ̀tù. Lọ́yà ni kí ẹ wá. Irú lọ́yà wo? Ìmọ̀ràn mi rèé, mo sì ti rò ó dáadáa: ẹ wá ẹni tó sún mọ́ ilẹ̀ yín, ṣùgbọ́n tó jìnnà sí ìjà yín.

Kí ó sún mọ́ ilẹ̀ yín, nítorí pé ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ilẹ̀ ẹbí wà, ilẹ̀ tí o fi owó ara rẹ rà wà, ilẹ̀ tí bàbá rẹ pààlà fún ọ láti dáko, tí kò sì fún ọ pátápátá, wà. O kò lè fi ilẹ̀ ẹbí ṣe ìhágún fún ọmọ rẹ. Ìpín tó kàn ọ́ nìkan ni yóò bọ́ sọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹbí ṣe ń pín in. Lọ́yà tó wà ní Àbújá, tí kò mọ Odò-Àpé yàtọ̀ sí Òkè-Bùkún, yóò kọ ohun tí o bá sọ fún un sílẹ̀. Ti ìtòsí yóò bi ọ́ léèrè: "Ta ló fi ilẹ̀ yìí hàn ọ́? Ta ni ó bá ọ pààlà? Ẹbí wo ló wà lápá òdì kejì odò?" Láti ìgbà tí wọ́n ti da kọnkéré sójú ọ̀nà Ọbájànà sí Kàbà, tí yunifásítì ìpínlẹ̀ sì ti dé Kàbà, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí àbúrò ń bá ẹ̀gbọ́n fà. Kò sí ìgbà tí ìbéèrè wọ̀nyẹn wúlò tó báyìí. Òfin lílo ilẹ̀ ti 1978 tún wà níbẹ̀, tó fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà, tó sì fi ilẹ̀ oko sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé ìwé lọ gbé ìwé bọ̀ ní Lọ́kọ́jà àti ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú yóò mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó kàn.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta gbọ́dọ̀ mọ̀. Àríwá ni ìjọba kó wa sí láti ayé àtijọ́. Òfin ìwé ìhágún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1837 ni gbòǹgbò èyí tí apá Àríwá bá wọ inú òmìnira. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣe tiwọn lọ́tọ̀ ní òpin àwọn ọdún 1950, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìwé ìhágún kò gbọdọ̀ tẹ àṣà mọ́lẹ̀ lórí ohun tí àṣà ti pàṣẹ lé. Ọmọ Yorùbá ni wá bíi tiwọn, àmọ́ kì í ṣe òfin kan náà ló bí ìwé wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kogí ni kí o bi. Bí o bá jẹ́ mùsùlùmí, sọ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà wà ní ìpínlẹ̀ wa, ẹ̀sìn rẹ sì ti ṣètò ìpín àwọn ajogún. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀ fún ọ láti fún ẹni tí kì í ṣe ajogún. Lọ́yà tí kò bá béèrè ẹ̀sìn rẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí ó sì jìnnà sí ìjà yín. Ìyẹn le ní ìlú kékeré, mo mọ̀. Ní Kàbà, ẹni tí o bá pè ní lọ́yà lè jẹ́ ọmọ ìyàwó kejì ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Bí ó bá ní ìpín kankan nínú ẹbí náà, fi í sílẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ènìyàn rere tó. Fi ẹni tó ṣe ìwé fún ẹni tí ó rà nínú ilẹ̀ ẹbí yín sílẹ̀. Fi ẹni tó ń bá àbúrò rẹ ṣe òṣèlú sílẹ̀. Kàbà kọ́ nìkan ni ilẹ̀ Okun wa: bí gbogbo lọ́yà Kàbà bá ti bá ẹbí yín da nǹkan pọ̀, ẹ lọ sí Ìjùmú, ẹ lọ sí Mọ̀pà, ẹ lọ sí Ìsánlú. Ó ṣì jẹ́ ìtòsí.

Báwo ni ẹ ó ṣe rí i? Òfin ìwà wọn kò gbà wọ́n láàyè láti máa polówó ara wọn káàkiri, nítorí náà ẹ kò ní rí pátákó ńlá kan lójú títì. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní Kàbà, ẹ béèrè ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sí ọ̀rọ̀ ogún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ opó tó ti gba ogún ọkọ rẹ̀ láìsí ariwo, ẹ ní kó sọ ẹni tó bá a ṣe é. Mo fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́yà tí orúkọ rẹ̀ ń dún nítorí pé ó gba olè jáde ní àtìmọ́lé lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Èyí tí ẹ ń wá ni ẹni tó ti gbé ìwé ìhágún láti ojú tábìlì rẹ̀ dé ẹ̀ka próbéètì ní Ilé-ẹjọ́ Gíga, tí ẹni tó ni ín kú, tí wọ́n ṣí i, tí àwọn ọmọ sì gba ohun tó tọ́ sí wọn. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ dé òpin rí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ gbogbo lọ́yà tòótọ́ wà nínú ìwé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, nọ́ńbà sì wà nídìí orúkọ náà. Láti 2015 ni ẹgbẹ́ wọn ti ń lo sítáǹbù kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé. Orúkọ lọ́yà àti nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ẹ ka orúkọ ara sítáǹbù, ẹ wò ó bóyá òun náà ni orúkọ ẹni tó jókòó níwájú yín. Bí ó bá bínú nítorí pé ẹ wò ó, ẹ dìde.

Owó náà, ẹ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó wà lórí ìwé, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ sá fún ẹni tó bá ní kí ẹ kọ òun mọ́ àwọn tí yóò jogún. Ẹni tí kò ní lọ́wọ́ rárá lè lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976, àwọn obìnrin sì lè lọ bá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ rere ṣe ń rí, nítorí mo ti fojú rí i. Ọ̀rẹ́ mi kan, àgbẹ̀ kọfí àti kaju, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ní kí n sin òun lọ. Yàrá kékeré kan ni ọ́fíìsì náà, fáànù ń yí lókè, ìwé òfin kún àgbékọ́ títí dé àjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni lọ́yà náà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa kó tó jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bẹ ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó wa ọkọ̀ fún wa pé kó jọ̀wọ́ bọ́ síta, ó sì bẹ èmi náà. Ó fẹ́ gbọ́ ohun tí bàbá fẹ́ lẹ́nu bàbá nìkan. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a padà lọ gbọ́ ìwé náà lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n wọlé. Lọ́yà kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ó kà á ní Owé, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, láìyára. Ní ibì kan ọ̀rẹ́ mi gbé ọwọ́ sókè. "Dúró. Ìdí ọ̀pẹ yẹn kì í ṣe tèmi. Èmi àti àwọn àbúrò mi la jọ ni í. Oko òkè nìkan ni mo fi owó mi rà." Lọ́yà náà kò jiyàn. Ó fa ìlà pa á, ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀ lákọ̀tun, ó sì tún kà á láti òkè délẹ̀. Ìgbà náà ló fa páádì yíǹkì sọ́dọ̀ rẹ̀, ó di àtàǹpàkò bàbá mú, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé òun ti kà á fún un ní èdè rẹ̀, ó sì ti yé e.

Ẹ wo ohun tí kíkà kan ní Owé gbà là lọ́jọ́ yẹn. Ká ní wọ́n fi oko ẹbí kún ìwé náà, àwọn àbúrò rẹ̀ ì bá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù, títí kan oko òkè tí kò sí ìjà lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí bàbá tàbí ìyá tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lo lọ́yà tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ bá wọn wá a, kí ẹ sì bọ́ síta nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ní ti ẹlẹ́rìí, méjì ni, kí àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí o bá ń fọwọ́ sí i. Ẹni tí o bá fún ní nǹkan nínú ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí, ìyàwó rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Òfin 1837 yẹn le níbẹ̀: ìwé náà yóò dúró, ṣùgbọ́n ohun tí o fún ẹlẹ́rìí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ àwọn tó pe ọmọ wọn ọkùnrin wá ṣe ẹlẹ́rìí nítorí pé òun ni wọ́n fọkàn tán jù.

Yan ènìyàn méjì tí yóò mójú tó ogún náà lẹ́yìn rẹ, kí ọ̀kan má jẹ́ ará ilé. Fi ẹ̀dà kan tí a lẹ̀ pa sí ẹ̀ka próbéètì ní Ilé-ẹjọ́ Gíga, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ lọ́yà, kí o sì sọ ibi tí wọ́n wà fún àwọn méjì yẹn. Kò pọn dandan kí o sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí o bá ní ilé ní Àbújá tàbí Èkó, sọ ọ́ fún lọ́yà rẹ, nítorí àṣẹ tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Kogí bá fún àwọn ọmọ rẹ gbọ́dọ̀ tún gba òǹtẹ̀ ní ibẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ lórí ilé náà. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, ìwé tí ẹ tẹ̀ jáde nínú íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ kò mọ ìdí-igi, kò sì mọ ilẹ̀ ẹbí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà ibẹ̀ ṣe ti ibẹ̀, kí ti ilé ṣe ti ilé, kí àwọn méjèèjì sì bára wọn sọ̀rọ̀ kí èyí tí ẹ ṣe kẹ́yìn má bàa pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá ni mo sì ń bá wí. Lábẹ́ òfin 1837 kan náà, bí ènìyàn bá ti ṣe ìwé ìhágún tó sì wá ṣe ìgbéyàwó òfin, ti kọ́ọ̀tù tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, ìgbéyàwó náà ti fagi lé ìwé yẹn. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Ẹni tó ṣe ìwé nígbà tó wà ní àpọ́n, tó fi ilé sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀, kò ní ìwé kankan mọ́ ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó. Nítorí náà kí ẹ tó padà sí Àbújá lẹ́yìn ọdún tuntun, kí ọkọ àti ìyàwó jọ gba ọ́fíìsì lọ́yà náà kọjá, kí ẹ ní kó tún un ṣe, kí orúkọ ìyàwó sì wà nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú yàrá tí yóò máa gbé títí ẹ̀mí rẹ̀.